Bí àwọn olórí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣe ń fa ara wọn létí lórí ìjọba tiwa-n-tiwa: Ibi tí oògùn náà ti jẹ́, àti ibi tí kò ti jẹ́

Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹta, ọdún 1998, ikọ̀ ọmọ ogun ECOMOG, tí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà pọ̀ jù nínú rẹ̀, dá Ààrẹ Ahmad Tejan Kabbah padà sórí oyè ní Freetown, olú-ìlú Sierra Leone, ilẹ̀ tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró. Àwọn aráàlú ló dìbò yan Kabbah, ṣùgbọ́n àwọn ológun ilẹ̀ rẹ̀ lé e kúrò ní ọjọ́ 25, oṣù karùn-ún, ọdún 1997. Nígbà tó padà dé, gbogbo ayé ló ń kí Nàìjíríà pé ó kú iṣẹ́, pé ó gba ìjọba tiwa-n-tiwa là lọ́wọ́ àwọn tó fi ìbọn jí i gbé.

Kò tíì pé oṣù méjì sí àkókò náà tí ọ̀rọ̀ fi bẹ́yìn yọ ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 1, oṣù karùn-ún, ọdún 1998, tí í ṣe ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́, àwọn ènìyàn tú jáde sí ìgboro láti sọ pé àwọn kò fẹ́ kí Ọ̀gágun Sani Abacha bọ́ aṣọ ológun sílẹ̀, kí ó wọ agbádá, kí ó sì fi ara rẹ̀ rọ́pò ara rẹ̀. Ìlú gbóná, ẹ̀mí ṣòfò, dúkìá sì bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba kó àwọn àgbà olóṣèlú tí kò fara mọ́ Abacha sí àtìmọ́lé. Olóyè Bọ́lá Ìgè, tí ilé rẹ̀ wà ní Bódìjà, àti Alhaji Lam Adéṣínà wà lára wọn. Alákòóso ológun ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà náà, Ahmed Usman, pè wọ́n ní ẹlẹ́wọ̀n ogun.

Ẹni tí yóò dáṣọ fúnni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Ìjọba tó ń fi ìbọn dá ìbò àwọn ará Sàró padà fún wọn ni ìjọba tó tún ń fi ìbọn lé àwọn ará Ìbàdàn tó ń béèrè ìbò tiwọn. Ìbéèrè tí ọjọ́ méjèèjì yìí gbé dìde kò tíì kúrò nílẹ̀ títí di òní: agbára wo ni aládùúgbò ní láti mú kí ìjọba kan bọ̀wọ̀ fún ìdìbò àti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ìgbà wo sì ni ìbáwí bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́?

Bí a bá fi ojú ṣùnnùkùn wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láti ọdún 1995 títí di ìparí ọdún 2025, a ó rí i pé nǹkan mẹ́ta ló máa ń pàdé kí ìbáwí aládùúgbò tó so èso. Àkọ́kọ́ ni pé kí àwọn aráàlú fúnra wọn ti sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Èkejì ni pé kí ohùn àwọn aládùúgbò ṣọ̀kan, kí ọwọ́ wọn sì mọ́. Ẹ̀kẹta ni pé kí ìyà náà bá ẹni tó ṣẹ̀, kí ó má jẹ́ pé tálákà ni yóò forí fá a. Níbi tí ọ̀kan bá ti yingin nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ariwo lásán ló máa ń kù.

Nígbà tí wọ́n ní kí Nàìjíríà lọọ rọ́kún nílé

Nàìjíríà mọ bí irú ìbáwí bẹ́ẹ̀ ṣe rí lára, nítorí ó ti tọ́ ọ wò. Ní ọjọ́ 12, oṣù kẹfà, ọdún 1993, àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè yìí dìbò ààrẹ. Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ló ń léwájú nínú èsì ìbò náà kí Ọ̀gágun Ibrahim Babangida tó fagi lé e. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn ni Abacha gbàjọba. Ní ọjọ́ 10, oṣù kọkànlá, ọdún 1995, ìjọba rẹ̀ yẹgi fún òǹkọ̀wé Ken Saro-Wiwa àti àwọn ọmọ Ogoni 8 mìíràn ní Port Harcourt.

Àwọn olórí orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì wà nípàdé lọ́wọ́ ní Auckland, ní New Zealand, nígbà tí ìròyìn náà dé etí wọn. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n já ìwé lọọ-rọ́kún-nílé lé Nàìjíríà lọ́wọ́. Ààrẹ Nelson Mandela ti South Africa wà lára àwọn tó fi ìbínú sọ̀rọ̀ jù lọ. Ọmọ Nàìjíríà ni akọ̀wé àgbà àjọ náà nígbà náà, Olóyè Emeka Anyaoku. Yunifásítì Ìbàdàn, tí kò jìnnà sí Bódìjà àti Agbowó, ló ti kàwé nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣì ń jẹ́ University College.

Ìtìjú náà pọ̀. Amẹ́ríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Yúróòpù kò fún àwọn aláṣẹ ìjọba Abacha ní ìwé ìwọ̀lú bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́, wọn kò sì fẹ́ ta ohun ìjà fún wọn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan epo rọ̀bì, tí ó jẹ́ ibi tí owó ìjọba náà ti ń wá. Abacha wà lórí oyè títí ó fi kú ní ọjọ́ 8, oṣù kẹfà, ọdún 1998.

Ohun tó yani lẹ́nu jù ni ìwà àwọn tó wà nítòsí. Bí àwọn ti ọ̀nà jíjìn ṣe ń bínú sí Abacha, àwọn olórí ECOWAS mú un, wọ́n fi í ṣe alága wọn ní ọdún 1996. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Eyadéma ti Tógò, Conté ti Guinea, Compaoré ti Burkina Faso, Jammeh ti Gámbíà àti Maïnassara ti Niger, ìbọn ni gbogbo wọn gbà dé orí oyè. Ta ni nínú wọn ni yóò na ìka sí Abacha? Kò sí ọwọ́ tó mọ́ tí wọn ì bá fi bá a wí.

Nàìjíríà padà sínú Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 1999, ọjọ́ tí Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ búra wọlé gẹ́gẹ́ bí ààrẹ. Ọjọ́ kan náà ni Lam Adéṣínà, ẹlẹ́wọ̀n ogun àná, búra wọlé gẹ́gẹ́ bí gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní Ìbàdàn.

Òfin tí wọ́n kọ ní Dakar

Nígbà tí wọ́n dá ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 28, oṣù karùn-ún, ọdún 1975, ọ̀rọ̀ ajé ni orílẹ̀-èdè 15 bá débẹ̀. Ọ̀gágun Yakubu Gowon ti Nàìjíríà àti Ọ̀gágun Eyadéma ti Tógò ni wọ́n ṣe wàhálà rẹ̀ jù. Kí ọjà lè kọjá ní ẹnu ibodè, kí ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìsí ìyọlẹ́nu, ìyẹn ni wọ́n ń wá. Ibẹ̀ ni ẹ̀tọ́ wíwọ orílẹ̀-èdè ara ẹni fún ọjọ́ 90 láìgba físà ti wá, ẹ̀tọ́ tí oníṣòwò ará Ìbàdàn fi ń lọ ra ọjà ní Kútọnu àti Lomé.

Ogun abẹ́lé Làìbéríà, tí ECOMOG wọ̀ ní ọdún 1990, ló kọ́ wọn pé ọjà kò lè dúró níbi tí ìjọba bá ti dàrú. Ní ọdún 1991, wọ́n ṣe ìkéde kan ní Àbújá pé àwọn yóò bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àti ìjọba tí aráàlú fẹ́. Ní ọdún 1993, wọ́n tún ìwé àdéhùn ECOWAS kọ ní Kútọnu. Èyí tó ní eyín nínú wọn ni òfin lórí ìjọba tiwa-n-tiwa àti ìṣàkóso rere, tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ní Dakar, ní Sẹ̀nẹ̀gà, ní ọjọ́ 21, oṣù kejìlá, ọdún 2001.

Òfin Dakar sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé ìdìbò tó mọ́ nìkan ni ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà dé orí oyè, àti pé ẹni tó bá gba ọ̀nà ẹ̀bùrú gbàjọba kò ní rí ìtẹ́wọ́gbà. Ó ní ológun kò gbọdọ̀ dá sí òṣèlú, ilé-ẹjọ́ gbọ́dọ̀ ní òmìnira, a kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan kókó òfin ìdìbò láàárín oṣù 6 tó ṣáájú ìdìbò, àfi bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ òṣèlú kàn bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ìyà tó wà nínú rẹ̀ ní ipele. ECOWAS lè kọ̀ láti ti ọmọ orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ lẹ́yìn fún ipò ní àwọn àjọ àgbáyé. Ó lè kọ̀ láti ṣe ìpàdé kankan níbẹ̀. Ó sì lè ní kí orílẹ̀-èdè náà lọọ rọ́kún nílé, kí ó má bá wọn dá sí ìpinnu mọ́. Títi ẹnu ibodè pa, dídá owó dúró ní báńkì àti kíkó ọmọ ogun lọ jẹ́ ohun tí àwọn olórí máa ń fi kún un nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le.

Ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé náà, ní ọjọ́ 23, oṣù kejìlá, ọdún 2001, àwọn apànìyàn wọlé tọ Bọ́lá Ìgè ní Bódìjà, wọ́n sì yìnbọn pa á. Mínísítà fún ètò ìdájọ́ ní Nàìjíríà ni lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tí ilé-ẹjọ́ dá lẹ́bi ikú rẹ̀ títí di òní. Ohun kan kò bí èkejì nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Àdéhùn tí àwọn olórí tọwọ́ bọ̀ ní Dakar kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé Bódìjà. Ọlọ́pàá, ilé-ẹjọ́ àti ìjọba ilé ló gbọ́dọ̀ gbé e dé ibẹ̀.

Ọjọ́ 20 ní Tógò

Ìdánwò ńlá fún òfin náà dé ní ọjọ́ 5, oṣù kejì, ọdún 2005, nígbà tí Eyadéma kú lẹ́yìn ọdún 38 lórí oyè. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́, àwọn ológun ti fi ọmọ rẹ̀, Faure Gnassingbé, rọ́pò rẹ̀. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sì sáré tún òfin ìpìlẹ̀ ṣe kí ó lè bá a mu.

Àwọn aládùúgbò kò dákẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ààrẹ Mamadou Tandja ti Niger ni alága ECOWAS, Ọbásanjọ́ sì ni alága Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà. Wọ́n ní ìfipágbàjọba ni. Ní ọjọ́ 19, oṣù kejì, ECOWAS ní kí Tógò lọọ rọ́kún nílé, wọ́n ní àwọn olórí rẹ̀ kò gbọdọ̀ rin ìrìn-àjò, wọ́n sì pe àwọn aṣojú wọn kúrò ní Lomé. Ní ọjọ́ 25, Faure fipò sílẹ̀. Ọjọ́ 20 péré ni gbogbo rẹ̀ gbà, láìyin ìbọn kan láti òde. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé oògùn náà ti jẹ́.

Ṣùgbọ́n apá kan ìtàn ni ìyẹn. Wọ́n dìbò ní ọjọ́ 24, oṣù kẹrin, wọ́n sì kéde pé Faure ló wọlé. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀. Ìwádìí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé láàárín ènìyàn 400 sí 500 ni wọ́n pa, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún sì sá lọ sí Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin àti Gánà. ECOWAS ní àléébù wà nínú ìdìbò náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó ohun tó lè ba èsì rẹ̀ jẹ́. Báyìí ni ẹni tí wọ́n ti ojúlé mọ́ ṣe gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ní ọdún 2024, Tógò yí òfin ìpìlẹ̀ rẹ̀ padà, ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 sì ni Faure búra wọlé sí ipò tuntun tí ó jẹ́ ti olórí ìjọba, ipò tí kò ní gbèdéke sáà.

Tandja, tó ṣáájú nínú ìbáwí náà, kò pẹ́ tí òun náà fi di ẹni ìbáwí. Ní ọdún 2009, nígbà tí sáà rẹ̀ ń parí lọ, ó tú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ká, ó tú ilé-ẹjọ́ òfin ìpìlẹ̀ ká, ó sì ṣètò ìdìbò kí ó lè fi ọdún 3 kún ìjọba rẹ̀. ECOWAS dá Niger dúró ní oṣù kẹwàá. Àwọn ológun lé Tandja ní ọjọ́ 18, oṣù kejì, ọdún 2010, wọ́n sì gbé ìjọba fún alágbádá ní ọdún 2011.

Abidjan àti Banjul: ọ̀rọ̀ kan náà, àbájáde ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ní Ivory Coast, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò ti sọ di ilé kejì, àjọ elétò ìdìbò kéde pé Alassane Ouattara ló borí nínú ìdìbò ọjọ́ 28, oṣù kọkànlá, ọdún 2010. Ìgbìmọ̀ òfin ìpìlẹ̀ ní Laurent Gbagbo ni. ECOWAS, lábẹ́ Ààrẹ Goodluck Jonathan, kò fi àkókò ṣòfò. Ní ọjọ́ 7, oṣù kejìlá, ó gbà pé Ouattara ló wọlé, ó sì dá orílẹ̀-èdè náà dúró. Báńkì àpapọ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ná owó sẹ́fà jọ ní kò jẹ́ kí Gbagbo rí owó gbà mọ́. Àwọn ààrẹ mẹ́ta lọ bẹ̀ ẹ́ ní Abidjan, kò gbọ́.

ECOWAS tún halẹ̀ pé òun yóò lo ipá, ṣùgbọ́n ohùn kò ṣọ̀kan lórí ìyẹn, nítorí Gánà ní òun kò ní kó ọmọ ogun lọ. Ẹ̀yìn ìgbà tí ogun jà, tí àwọn ọmọ ogun Faransé àti ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá sí i, ni wọ́n tó mú Gbagbo ní ọjọ́ 11, oṣù kẹrin, ọdún 2011. Ènìyàn bí 3,000 ló ti kú. Àwọn ọmọ Yorùbá tó sá bọ̀ wálé nígbà náà mọ ohun tó ń jẹ́ ìdìbò tí kò ní olùdájọ́.

Gámbíà ló yàtọ̀. Ní ọjọ́ 1, oṣù kejìlá, ọdún 2016, Adama Barrow fẹ̀yìn Yahya Jammeh balẹ̀ nínú ìdìbò, lẹ́yìn ọdún 22 tí Jammeh ti wà lórí oyè. Jammeh kọ́kọ́ kí i kú oríire. Ní ọjọ́ 9, ó yí ohùn padà, ó ní òun kò gbà mọ́. Ní ọjọ́ 13, Ààrẹ Muhammadu Buhari ti Nàìjíríà, Ellen Johnson Sirleaf ti Làìbéríà, Ernest Bai Koroma ti Sierra Leone àti John Mahama ti Gánà wọ Banjul lọ bá a sọ̀rọ̀. Ìdìbò ti gba ìjọba lọ́wọ́ Mahama fúnra rẹ̀ ní ilé rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, ó sì ti gba kámú. Ọ̀rọ̀ tó wá bá Jammeh sọ hàn lára rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ tútù kò ran Jammeh, wọ́n búra fún Barrow nínú ilé iṣẹ́ aṣojú Gámbíà ní Dakar ní ọjọ́ 19, oṣù kìíní, ọdún 2017. Ọmọ ogun Sẹ̀nẹ̀gà kọjá ẹnu ibodè, ọkọ̀ òfurufú ogun Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Ní ọjọ́ 21, Jammeh wọ bàálù lọ sí Equatorial Guinea. Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pàdé níbẹ̀: aráàlú ti dìbò, aládùúgbò ṣọ̀kan, ìyà náà sì dojú kọ ẹnì kan ṣoṣo. Gámbíà kéré lóòótọ́, Sẹ̀nẹ̀gà sì yí i ká, èyí tó mú iṣẹ́ náà rọrùn.

Ọgbẹ́ tó dé ọjà

Ibi tí ECOWAS ti fọwọ́ ara rẹ̀ da omi sí iná ara rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sáà kẹta. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, wọ́n gbé àbá kan wá síwájú àwọn olórí ní Accra pé kí ààrẹ kankan má lò ju sáà méjì lọ. Tógò àti Gámbíà kọ̀, wọ́n sì gbé àbá náà tì. Ní ọdún 2020, Alpha Condé ti Guinea àti Ouattara ti Ivory Coast gba sáà kẹta lẹ́yìn tí wọ́n ti ní òfin tuntun ti pa ọjọ́ orí sáà ti àtẹ̀yìnwá rẹ́. Ìjìyà ECOWAS kò kàn wọ́n.

Ìgbà tí àwọn ológun bẹ̀rẹ̀ sí í gbàjọba, ohùn àjọ náà ti há. Málì ṣubú ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 àti oṣù karùn-ún ọdún 2021, Guinea ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, Burkina Faso lẹ́ẹ̀mejì ní ọdún 2022. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, ECOWAS ti ibodè mọ́ Málì, ó sì dá owó rẹ̀ dúró. Àwọn aráàlú tú jáde ní Bamako, kì í ṣe láti lé ológun lọ, bí kò ṣe láti gbè wọ́n lẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà ni Niger. Ní ọjọ́ 26, oṣù keje, ọdún 2023, àwọn ẹ̀ṣọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum tì í mọ́lé. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ṣẹ̀ṣẹ̀ di alága ECOWAS ní oṣù náà ni. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ECOWAS fún àwọn ológun Niamey ní ọ̀sẹ̀ kan, ó ní bí wọn kò bá dá Bazoum padà, òun lè lo ipá. Wọ́n ti ibodè, wọ́n dá owó dúró, Nàìjíríà sì gé iná mànàmáná tó jẹ́ nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún iná tí Niger ń lò.

Ọ̀sẹ̀ kan pé, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 7 ní Nàìjíríà ló bá Niger pààlà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní Àbújá sì ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ sùúrù yanjú rẹ̀. Ní ilé-ìwòsàn, ní ọjà àti nínú ilé aláìní ní Niger ni ìyà náà ti kan ènìyàn jù. Ní ìhà ti Nàìjíríà, ọ̀nà ìṣòwò dí pa. Ẹ̀wà, àlùbọ́sà àti ẹran ọ̀sìn wà lára ohun tó ń gba ibodè náà. Ọjà Bódìjà, níbi tí ọkọ̀ ẹrù oúnjẹ láti Òkè-Ọya ti ń já ẹrù lójoojúmọ́, wà ní ìkángun irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. ECOWAS ká ìyà náà kúrò ní ọjọ́ 24, oṣù kejì, ọdún 2024. Bazoum ṣì wà ní àtìmọ́lé títí di ìparí ọdún 2025. Niger, Málì àti Burkina Faso sì da ẹrù wọn, wọ́n jáde kúrò nínú ECOWAS ní ọjọ́ 29, oṣù kìíní, ọdún 2025. Orílẹ̀-èdè 12 ló ṣẹ́ kù.

Wàhálà kò tán síbẹ̀. Ní ọjọ́ 26, oṣù kọkànlá, ọdún 2025, àwọn ológun gbàjọba ní Guinea-Bissau nígbà tí aráàlú ń retí èsì ìdìbò. Ní ọjọ́ 7, oṣù kejìlá, àwọn ọmọ ogun kan bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n ní Kútọnu, wọ́n ní àwọn ti lé Ààrẹ Patrice Talon. Ìjọba Benin pe Nàìjíríà, ọkọ̀ òfurufú ogun gbéra lọ́jọ́ náà, ọ̀tẹ̀ náà sì fọ́. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n oṣù kan ṣáájú rẹ̀ ni àwọn aṣòfin Benin ti fa sáà ààrẹ gùn láti ọdún 5 sí ọdún 7, tí ẹgbẹ́ alátakò tó lágbára jù kò sì rí olùdíje fà kalẹ̀ fún ìdìbò ààrẹ ọdún 2026. Bàálù ogun kò lè tún irú ìyẹn ṣe.

Ilé-ẹjọ́ tí aráàlú lè gbé ẹjọ́ lọ

Ohun kan wà nínú ECOWAS tí kò dúró de ìpàdé àwọn olórí. Òun ni ilé-ẹjọ́ rẹ̀ tó wà ní Àbújá. Ọ̀rọ̀ ibodè ló la ọ̀nà ibẹ̀ fún aráàlú. Ní ọdún 2003, Nàìjíríà ti ibodè tó wà láàárín rẹ̀ àti Benin. Oníṣòwò ọmọ Nàìjíríà kan tí àdéhùn ọjà rẹ̀ bàjẹ́ nítorí èyí gbé ìjọba lọ sí ilé-ẹjọ́ náà. Ní ọdún 2004, àwọn adájọ́ ní ìjọba nìkan ni òfin gbà láàyè láti pe ẹjọ́ síbẹ̀, wọn kò sì lè gbọ́ ti oníṣòwò náà. Ariwo tó tẹ̀lé e wà lára ohun tó mú kí àwọn olórí tún òfin náà ṣe ní oṣù kìíní ọdún 2005. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tí ìjọba orílẹ̀-èdè ECOWAS bá fi ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn dù lè lọ síbẹ̀ tààrà, láìkọ́kọ́ lo gbogbo ilé-ẹjọ́ ilé rẹ̀ tán.

Ní ọdún 2008, Hadijatou Mani, obìnrin ará Niger tí wọ́n tà sí oko ẹrú láti ọmọ ọdún 12, borí ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 10 owó sẹ́fà fún un. Ní oṣù keje ọdún 2022, ó dá Nàìjíríà lẹ́bi lórí Twitter tí ìjọba tì pa fún oṣù 7. Ní oṣù keje ọdún 2024, ó tún dá a lẹ́bi lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn olùwọ́de EndSARS ní Lekki ní ọjọ́ 20, oṣù kẹwàá, ọdún 2020. Àbùkù ilé-ẹjọ́ náà ni pé kò ní ọlọ́pàá tirẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, ó pàṣẹ pé kí wọ́n tú Bazoum sílẹ̀, àwọn ológun Niamey sì ṣe bí ẹni pé wọn kò gbọ́. Síbẹ̀, ìdájọ́ tó wà nílẹ̀ kì í jẹrà. Ìjọba tó bá fẹ́ ṣe dáadáa lọ́la yóò rí i níbi tí wọ́n gbé e sí.

Ohun tó kù fún Nàìjíríà

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí Nàìjíríà má dá sí ọ̀rọ̀ aládùúgbò kò tíì rí àwọn tó ń sá wọ ibodè nígbà tí ìlú bá dàrú. Ohun tó yẹ kí a béèrè ni irú ẹnu tí Nàìjíríà yóò fi sọ̀rọ̀.

Ní ọdún 2007, Ààrẹ Umaru Yar'Adua fúnra rẹ̀ gbà lọ́jọ́ ìbúra rẹ̀ pé àléébù wà nínú ìdìbò tó gbé òun wọlé. Ní ọdún 2015, Jonathan fìdí rẹmi, ó sì pe Buhari lórí tẹlifóònù láti kí i. Nígbà tí Buhari dé Banjul ní ọdún tó tẹ̀lé e, ìpè tẹlifóònù yẹn ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Jammeh kò lè bi í pé, kí ni ẹ̀yin náà ṣe nílé yín?

Olú ilé iṣẹ́ ECOWAS wà ní Àbújá, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà ló pọ̀ jù nínú ìrìn-àjò rẹ̀, owó Nàìjíríà ló sì pọ̀ jù nínú àpò rẹ̀. Ṣùgbọ́n agbára tó jù nínú ọ̀rọ̀ yìí kò sí ní Àbújá. Ó wà níbi tí wọ́n ti ń ka ìbò ní Agbowó, ní Dùgbẹ̀ àti ní Challenge. Bí wọ́n bá kà á bí aráàlú ṣe dì í, Nàìjíríà yóò ní ohun tí yóò sọ nígbàkúùgbà tí aládùúgbò bá ṣìwà hù. Bí wọn kò bá kà á bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n sọ nípa Abacha ní ọdún 1998 ni wọn yóò tún sọ: ti ọrùn rẹ̀ là ń wò.